Àyè Ìka Méjì

Inú páálí mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ náà bá dé Thunder Bay,
ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, táyà lọ́tọ̀,
ìwé ìlànà rẹ̀ nípọn bí odindi búrẹ́dì:
ẹ tò ó bí a ti wí, yóò rìn.
Ìwé kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnì tí mo rà ní àlòkù
ga ju ẹ́ńjìnì tí òun ní lọ́kàn lọ.

Oṣù Èrèlé ni. Adágún ti dì gbagidi.
Èémí wa ń rú bí èéfín nínú gáréèjì Reino,
arúgbó ọmọ ará Finland tí ọgbà rẹ̀ kan tiwa,
tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti àárọ̀ di alẹ́.
A fi ṣéènì sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.
Ó wọlé. Mo pàtẹ́wọ́.
A fa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé e. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ̀,
ó la ẹnu díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́fun.

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ta wá ni ó bá wọn débi bọ́nẹ́ẹ̀tì?
Níbí, ẹ́sọ́ọ̀sì fara ti ọ̀pá sítíárìn,
páànù ọ́ìlì jókòó lé irin ìdábùú lórí,
fítà ń fi àtàrí kan òrùlé.
Ibo ló ti ń kàn gan-an?
Bí a bá ṣí i, kò kan ibì kankan.
Bí a bá pa á dé, ojú wa kò dé ibẹ̀.

Ìbídùn ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
ló gbé amọ̀ ìṣeré rẹ̀ wá, aláwọ̀ ewé:
“Dádì, ẹ fi èyí sí i lórí, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́.”
Reino wò mí. Èmi náà wò ó.
A tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ amọ̀, a ṣí i.
Níwájú ó nípọn tó àtàǹpàkò,
lẹ́yìn ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
lápá òsì, irin ti yọjú síta.

“Gé e,” ni Reino wí, ó nawọ́ sí ayùn.
Mo ní rárá o.
Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ òru nídìí gogoro àlìkámà
kí n tó rówó ọ̀dà pupa yẹn;
mi ò ní í dá a lu lágbárí.

A há síìtì ẹ́ńjìnì títí ó fi relẹ̀.
A gé páànù ọ́ìlì kúrú, a jó o padà;
ohun tí a gbà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, a dá a fún ẹ̀gbẹ́.
A fi oríkèé kan kún ọ̀pá sítíárìn
kí ó lè yà fún ẹ́sọ́ọ̀sì
bí ẹni tó rí olówó ẹ̀yá rẹ̀ lọ́nà.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì padé, ó dún kẹ́ẹ́.

Mo ta á. Ó jí. Mo tẹ iná mọ́ ọn,
gbàù!
Ẹ́ńjìnì fara yí, ó forí gbá òrùlé.
Oorun ló ń sùn nígbà tí a wọ̀n ọ́n.

Mo rántí Móríyìkẹ́, bó ṣe ń ti ọsibítù dé láàárọ̀:
ìdajì bẹ́ẹ̀dì máa ń tó mi dáadáa,
àfi bó bá yí padà.

“Ohun tó bá ń mí, fi àyè mímí sílẹ̀ fún un.”
Reino ló sọ ọ́, gbólóhùn kejì ọjọ́ náà.
A wá fítà pẹlẹbẹ. A tún síìtì há.
Ìka méjì, ìka tèmi, tó tóbi,
ń kọjá báyìí láìkan nǹkan.

Oṣù Igbe, yìnyín ti ń yọ́ lójú títì,
a wà á dé Kakabeka, a wà á padà.
Ìbídùn ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.
Amọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti gan.
Reino ní kí n ha á kúrò. Mi ò tíì ha á.